Ṣé Wọ́n Á Tún Rì Mí Bọmi? Àlàyé fún Ẹni Tó Ń Ti Ìjọ Kan Bọ́ Sí Òmíràn

Ọjọ́ tí mo sọ fún ìyá mi pé mo fẹ́ kúrò ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n bí mi sí, pé ìjọ Onítẹ̀bọmi ni ọkàn mi ń fà sí, wọn ò bínú, wọn ò sì sunkún. Ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi mí: "Omi tí àlùfáà bù sí ọ lórí lọ́jọ́ tí mo gbé ọ lọ síwájú pẹpẹ, ṣé kì í ṣe omi ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ó tó ọdún méjì kí n tó mọ̀ pé orí ìbéèrè yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ ìjọ dúró lé. Àwọn tó ń ti ìjọ kan bọ́ sí òmíràn máa ń béèrè ohun púpọ̀. Ṣé mo ti yí ẹ̀sìn padà ni? Ṣé wọ́n á tún rì mí bọmi? Bí mo bá bá àwọn òbí mi lọ sí ìjọ wọn, ṣé mo ṣì lè jẹ Ara Olúwa níbẹ̀? Ta ni yóò so èmi àti àfẹ́sọ́nà mi pọ̀ nígbà tí ìjọ wa kì í ṣe ọ̀kan? Ìdáhùn yàtọ̀ láti ìjọ sí ìjọ, òun ló fi ń dà bíi pé kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń sọ. Àmọ́ ìdí kan wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀: ohun tí ìjọ tuntun bá ní kí èèyàn ṣe kó tó gbà á wọlé, ohun tó gbà gbọ́ nípa ìjọ tí ẹni náà ti ń bọ̀ ló ń fi hàn. Ẹni tó bá di èyí mú, àwọn òfin tó dà bíi pé wọ́n ta kora á bẹ̀rẹ̀ sí í yé e.

Ẹ̀sìn kọ́ lèèyàn pààrọ̀

Ẹni tó ti ìjọ Áńgílíkà lọ sí ìjọ Kátólíìkì, tàbí tó ti ìjọ Kátólíìkì lọ sí ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì, kò yí ẹ̀sìn padà. Kristẹni ni kó tó kúrò, Kristẹni náà ni nígbà tó dé ibi tó ń lọ. Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù fi lélẹ̀ ní Nicaea lọ́dún 325, tí wọ́n sì mú gbòòrò ní Constantinople lọ́dún 381, ẹnu Kátólíìkì, Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì (àwọn ìjọ àtijọ́ ti Ìlà-Oòrùn), Áńgílíkà àti Lútérà ló ti ń jáde títí dòní. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló yà wọ́n níbẹ̀. Àwọn ìjọ Ìwọ̀-Oòrùn ń sọ pé Ẹ̀mí Mímọ́ ń ti ọ̀dọ̀ Baba "àti Ọmọ" wá. Àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì dúró sórí ọ̀dọ̀ Baba, bó ṣe wà ní ọdún 381. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn wà lára ohun tó fa ìjà ńlá, ṣùgbọ́n kò sọ ẹnikẹ́ni nínú wọn di kèfèrí.

Bí àwọn ẹ̀ka náà ṣe yọ, mi ò ní fi gùn. Lọ́dún 1054, aṣojú Póòpù àti olórí ìjọ Constantinople yọ ara wọn lẹ́gbẹ́, Kátólíìkì gba ọ̀nà tirẹ̀, Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì gba tirẹ̀. Oṣù kejìlá ọdún 1965 ni àwọn olórí méjèèjì tó jẹ ìgbà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ìyọlẹ́gbẹ́ náà kúrò. Martin Luther bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn tirẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1517. Ilé aṣòfin England sọ ọba Henry Kẹjọ di olórí ìjọ ilẹ̀ wọn lọ́dún 1534. Àwọn ọmọ England kan tó sá lọ sí Amsterdam dá ìjọ Onítẹ̀bọmi àkọ́kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1609. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì tẹ̀ lé e ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tó sì di ọdún 1906, ìsọjí òpópónà Azusa ní Los Angeles tan ìgbàgbọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì ká ayé.

Ohun tó máa ń wú mi lórí nínú ìtàn yìí ni pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú náà tí wọ́n bí sínú ohun tó dá sílẹ̀. Àlùfáà Kátólíìkì tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ láti máa gbé ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ni Luther. John Wesley tí gbogbo Mẹ́tọ́díìsì ń pè ní baba, àlùfáà Áńgílíkà ni títí ó fi kú lọ́dún 1791. Àwọn àpọ́sítélì pàápàá, inú sínágọ́gù ni wọ́n ti tọ́ wọn dàgbà. Bí a bá tọpa ìjọ tí ìdílé kan ń pè ní "ìjọ baba wa" dé gbòǹgbò, a óò bá ẹnì kan níbẹ̀ tó fi ìjọ baba tirẹ̀ sílẹ̀. Kò sì dáwọ́ dúró: nígbà tí iléeṣẹ́ Pew Research Center ṣe ìwádìí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2014, nǹkan bí 42 nínú 100 àgbàlagbà ni kò sí nínú ẹ̀sìn tàbí ẹ̀ka tí wọ́n tọ́ wọn dàgbà sí mọ́, tí a bá ka àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì (àwọn ìjọ tó yọ láti ìgbà Luther) tó ń ti ẹ̀ka kan bọ́ sí òmíràn mọ́ ọn.

Ta ló ni omi náà?

Ìbéèrè ìyá mi ti pẹ́ láyé. Ní nǹkan bí ọdún 255, bíṣọ́ọ̀bù méjì fi ṣe ìjà. Cyprian ní Carthage, ní àríwá Áfíríkà, ní ẹni tí ẹgbẹ́ tó ya kúrò lára ìjọ bá rì bọmi, ìwẹ̀ lásán ló wẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ náà kò ní Ẹ̀mí Mímọ́, kò sì sẹ́ni tó lè fúnni ní ohun tí kò ní. Stephen tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Róòmù ní rárá, bí wọ́n bá ti fi orúkọ mímọ́ rì í bọmi, kí wọ́n gbọ́wọ́ lé e lórí ló kù. Wọn ò rí ọ̀rọ̀ náà yanjú kí àwọn méjèèjì tó kú. Lọ́dún 314, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Arles gbè sẹ́yìn Stephen: kí wọ́n bi ẹni tó ń bọ̀ ní ìgbàgbọ́ rẹ̀, bó bá jẹ́ ní orúkọ Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ ni wọ́n ti rì í bọmi, kí wọ́n má tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, wá ṣàlàyé tó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Ó ní ìrìbọmi kì í ṣe ti àlùfáà tó ṣe é, Kristi ló ni ín. Àlùfáà lè burú, ìjọ rẹ̀ lè ṣìnà, ohun tó jẹ́ ti Kristi kò di ti ẹlòmíràn.

Orí àlàyé Augustine ni ìjọ Kátólíìkì dúró lé di òní, òun ló sì ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Wọ́n rò pé ẹni tó bá ń lọ sọ́dọ̀ Fadá ni wọ́n á ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òdìkejì rẹ̀ ni. Bí ẹ bá ti gba ìrìbọmi ní ìjọ Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì, Lútérà, Pẹrẹsibitéríà tàbí Onítẹ̀bọmi, tí wọ́n lo omi, tí wọ́n sì sọ pé "ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́", ìjọ Kátólíìkì kò ní rì yín bọmi mọ́. Ó kà á léèwọ̀ láti tún un ṣe. Ẹ óò gba ẹ̀kọ́ fún oṣù mélòó kan, ẹ óò jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹ óò dúró níwájú ìjọ láti sọ pé ẹ gba gbogbo ohun tí ìjọ Kátólíìkì gbà gbọ́ tó sì ń kọ́ni, wọn óò fi òróró mímọ́ sàmì sí yín níwájú orí, ẹ óò sì jẹ Ara Olúwa. Ó tán.

Níbi tí iyèméjì bá wà, bóyá kò sẹ́ni tó rántí irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ, tí kò sì sí ìwé, wọ́n lè rì yín bọmi pẹ̀lú àdéhùn. Àlùfáà á bẹ̀rẹ̀ báyìí pé, "Bí a kò bá tíì rì ọ́ bọmi rí, mo rì ọ́ bọmi…" Láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún ọ̀pọ̀ tó ń bọ̀ láti ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì. Òfin ìjọ Kátólíìkì tó jáde lọ́dún 1983 ti wá sọ pé kí wọ́n má ṣe é mọ́ àfi tí ìdí pàtàkì bá wà.

Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu náà ṣeré. Lọ́dún 2001, Vatican ní òun kò gba ìrìbọmi ìjọ Mormon wọlé, nítorí bí orúkọ tí wọ́n ń pè tilẹ̀ jọra, ohun tí wọ́n gbà pé Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí jẹ́ yàtọ̀. Lọ́dún 2020, wọ́n kéde pé bí ẹni tó ń ṣe é bá sọ pé "A rì ọ́ bọmi" dípò "Mo rì ọ́ bọmi", kò múlẹ̀. Àlùfáà kan ní Detroit wo fídíò ìrìbọmi tirẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, ó gbọ́ "a" níbi tó yẹ kó ti gbọ́ "mo". Ńṣe ni wọ́n rì í bọmi lákọ̀tun, tí wọ́n sì tún fi í jẹ àlùfáà látìbẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan lè ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ẹni tó bá mọ̀ pé Kristi ni wọ́n gbà pé ó ń sọ̀rọ̀ láti ẹnu àlùfáà nígbà náà á mọ̀ pé "a" tó jẹ́ ti ìjọ kò lè dípò "mo" tó jẹ́ ti Kristi.

Ti àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì kò rí bákan náà káàkiri. Lọ́pọ̀ ibi, òróró mímọ́ nìkan ni wọ́n fi ń gba ẹni tó ti gba ìrìbọmi Mẹ́talọ́kan wọlé. Níbòmíràn, wọ́n á rì í sómi lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni tí kò tíì gba ìrìbọmi rí. Kì í ṣe ìwà àìnílànà. Ìtàn ló fà á. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Moscow lọ́dún 1667 ní kí wọ́n má tún àwọn Kátólíìkì rì bọmi mọ́, nígbà tí Constantinople pàṣẹ lọ́dún 1755 pé kí wọ́n rì gbogbo ẹni tó ń ti Ìwọ̀-Oòrùn bọ̀. Ìlànà méjèèjì ṣì ní àwọn tó ń tẹ̀ lé e. Bíṣọ́ọ̀bù àgbègbè tí èèyàn bá wà ni yóò sọ èyí tó kàn án.

Ìjọ Áńgílíkà gba ìrìbọmi àwọn ìjọ yòókù, ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù ló ń wò. Bí bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì tàbí ti Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì kò bá tíì gbọ́wọ́ lé yín tàbí fi òróró sàmì sí yín, bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà á gbọ́wọ́ lé yín. Bó bá ti wáyé, wọ́n kàn máa gbà yín wọlé ni. Mẹ́tọ́díìsì, Lútérà àti Pẹrẹsibitéríà rọrùn jù báyẹn lọ: ẹ̀kọ́ díẹ̀, ìjẹ́wọ́ níwájú ìjọ, wọ́n á sì kọ orúkọ yín sínú ìwé ìjọ.

Ó wá ku ti àwọn Onítẹ̀bọmi, tí mo mọ̀ jù. A kì í sọ pé à ń tún ìrìbọmi ẹnikẹ́ni ṣe. Ohun tí à ń sọ ni pé ìtẹ̀bọmi jẹ́ ẹ̀rí ẹni tó ti gbàgbọ́ fúnra rẹ̀, ọmọ ọwọ́ kò sì lè jẹ́rìí, nítorí náà èyí tí a fẹ́ ṣe yìí ni àkọ́kọ́. Ẹ̀kọ́ yìí ti gba ẹ̀mí rí. Ní Zürich lọ́dún 1525, àwọn kan tó di irú ìgbàgbọ́ yìí mú rì ara wọn bọmi lágbà, àwọn ọ̀tá wọn sì sọ wọ́n ní "atúnnirìbọmi". Ní oṣù kìíní ọdún 1527, ìgbìmọ̀ ìlú náà di Felix Manz tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n sì jù ú sínú odò Limmat. Wọ́n pa á sómi nítorí ọ̀rọ̀ omi. Mi ò lè ka ìtàn náà kí ara mi má bù máṣọ.

Lónìí, àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi kan wà tó máa ń gba ẹni tí wọ́n rì bọmi lọ́mọdé wọlé lórí ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀ nìkan. Àwọn mìíràn kò gbà. Ọ̀pọ̀ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì bá Onítẹ̀bọmi dọ́gba lórí èyí: bí wọ́n bá ti rì yín sómi pátápátá lẹ́yìn tí ẹ ti gbàgbọ́, ẹ̀rí ẹnu yín tó, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ óò wọ omi. Àwọn Pẹ́ńtíkọ́sì kan wà tí wọ́n ń rì ní orúkọ Jésù nìkan, wọn kò gba ìrìbọmi Mẹ́talọ́kan wọlé, àwọn ìjọ Mẹ́talọ́kan náà kì í sábà gba tiwọn. Ẹni tó sì dàgbà nínú Salvation Army, àwọn Ọmọ Ogun Ìgbàlà, tàbí láàárín àwọn Quaker, lè ti sin Ọlọ́run tọkàntọkàn fún ogójì ọdún láìgba ìrìbọmi rárá, torí àwọn méjèèjì kì í ṣe é. Ibikíbi tó bá lọ tí wọ́n ti ń rìbọmi, tirẹ̀ máa jẹ́ àkọ́kọ́ ní tòótọ́.

Ẹ wá wo ohun tó yọ jáde níbẹ̀. Orin tí Mẹ́tọ́díìsì àti Onítẹ̀bọmi ń kọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, ìwàásù wọn jọra, ìjókòó wọn jọra. Kátólíìkì ni ìyá mi rò pé ó jìnnà sí wa jù. Àmọ́ ká ní ọ̀dọ̀ Kátólíìkì ni mo lọ ni, omi ìyá mi ì bá tó. Ọ̀dọ̀ àwọn tó sún mọ́ wa jù ni kò tó. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún wọn, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ pé àwọn Fadá ka omi àwọn sí tó bẹ́ẹ̀. Èsì tí mo wá fún wọn ni pé omi ni, ẹ̀jẹ́ tí wọ́n jẹ́ lọ́jọ́ náà sì ni ẹ̀jẹ́. Wọ́n ṣèlérí níwájú Ọlọ́run pé wọ́n á tọ́ mi títí n óò fi lè gba Kristi fúnra mi. Wọ́n mú un ṣẹ. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nísinsìnyí ni láti fi ẹnu ara mi sọ èyí tí wọ́n ti bá mi sọ. Mi ò sọ pé gbogbo ẹlẹ́kọ̀ọ́ ìjìnlẹ̀ ló máa fara mọ́ ìdáhùn yìí, ṣùgbọ́n ó jẹ́ òótọ́, ìyá mi sì gbà á.

Bí ẹ bá padà lọ kí wọn nílé

Ibi tí ọ̀rọ̀ tún ti máa ń dun ìdílé ni ìdí tábìlì Olúwa. Ọmọ wálé, ó bá òbí rẹ̀ lọ sí ìsìn, gbogbo ìlà àga dìde lọ gba Ara Olúwa, òun nìkan jókòó. Ìyá á máa wòye bóyá ọmọ ti ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tí wọ́n fi tọ́ ọ.

Kì í sábà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òfin Kátólíìkì kò jẹ́ kí Pùròtẹ́sítáǹtì jẹ Ara Olúwa nínú Mísà lásán, àfi nígbà ewu ikú tàbí ìṣòro ńlá mìíràn, pẹ̀lú àwọn ìlànà tó tẹ̀ lé e. Kò sì fún Kátólíìkì láyè láti jẹ ẹ́ ní ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì. Lójú wọn, jíjẹ ẹ́ pọ̀ túmọ̀ sí pé a ti di ọ̀kan, ìjọ wa kò sì tíì di ọ̀kan. Àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì le jù bẹ́ẹ̀, ọmọ ìjọ wọn nìkan ni wọ́n ń fún. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìsìn, ní ọ̀pọ̀ ìjọ wọn, wọ́n ń pín búrẹ́dì tí wọ́n ti bùkún, èyí tí kì í ṣe Ara Olúwa, àlejò náà sì lè gbà nínú rẹ̀. Ìjọ England fàyè gba ẹni tó ti gba ìrìbọmi, tó sì ń jẹ Ara Olúwa ní ìjọ Mẹ́talọ́kan tirẹ̀. Mẹ́tọ́díìsì ṣí tábìlì wọn gbayawu, nítorí Wesley gbà pé oúnjẹ náà pàápàá lè sọ ẹlẹ́ṣẹ̀ di ẹni ìgbàlà. Onítẹ̀bọmi yàtọ̀ láti ìjọ kan sí èkejì.

Nínú Mísà ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tí kò lè jẹ ẹ́ lè tò sórí ìlà, kó ká ọwọ́ méjèèjì sáyà, àlùfáà á súre fún un. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ sọ fún àwọn òbí yín kí ẹ tó jáde nílé. Bí wọ́n bá ti mọ ìdí tí ẹ óò fi jókòó, ìjókòó náà kò ní dún bí ìbáwí létí wọn.

Àwọn tó ti gba ibẹ̀ kọjá

Ìdílé tó bá rò pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sáwọn kò ṣẹlẹ̀ sẹ́nì kankan rí, kí wọ́n gbọ́ ti Charles Spurgeon, gbajúmọ̀ oníwàásù Onítẹ̀bọmi. Bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀, àlùfáà ni wọ́n nínú ìjọ Kọngrigéṣọ́nà ní England, wọ́n sì ti rì í bọmi lọ́mọ ọwọ́. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìwé tó ń kà mú un gbà pé òun ní láti tẹ̀ bọmi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gbàgbọ́. Kò yọ́ lọ. Ó kọ lẹ́tà sílé, ó sì dúró de ìyọ̀ǹda bàbá rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ọdún 1850, tó bọ́ sí ọjọ́ ìbí ìyá rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rin nǹkan bíi máìlì mẹ́jọ lọ sí Isleham, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ bọmi nínú odò Lark. Ìyá rẹ̀ sọ fún un pé òun ti máa ń gbàdúrà pé kí Olúwa sọ ọ́ di Kristẹni, ṣùgbọ́n òun kò bẹ Olúwa rí pé kó di Onítẹ̀bọmi. Ọmọ náà ní Olúwa ti gbọ́ àdúrà wọn, Ó sì fi kún ohun tí wọ́n béèrè, bí Ó ṣe máa ń ṣe.

Nínú ìtàn náà, ìbéèrè ọmọ fún ìyọ̀ǹda ni mo fẹ́ràn jù. Ó ti pinnu, síbẹ̀ ó béèrè.

Ti Adoniram Judson àti ìyàwó rẹ̀ Ann ṣòro ju èyí lọ. Ìgbìmọ̀ míṣọ́nnárì ìjọ Kọngrigéṣọ́nà ní Amẹ́ríkà ló rán wọn lọ sí Íńdíà lọ́dún 1812. Judson mọ̀ pé àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi wà níbi tí wọ́n ń lọ, ó wá ń fi ìrìn-àjò orí òkun múra bó ṣe máa gbèjà ìrìbọmi ọmọ ọwọ́. Bó ṣe ń kàwé sí i ni ẹ̀rí rẹ̀ ń yọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ann kọ́kọ́ ní bí ọkọ òun bá di Onítẹ̀bọmi, òun ò ní bá a dé ibẹ̀. Òun náà wá jókòó ti ìwé. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n tẹ àwọn méjèèjì bọmi ní Calcutta, wọ́n sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ tó ń bọ́ wọn, ní ilẹ̀ tí wọn kò ti ní ẹbí. Ọdún 1814 ni àwọn Onítẹ̀bọmi Amẹ́ríkà kóra jọ láti gbé ẹrù wọn.

Kì í ṣe gbogbo ìrìn-àjò ló forí lé ọ̀nà kan náà. John Henry Newman, àlùfáà Áńgílíkà àti gbajúmọ̀ ní Yunifásítì Oxford, wọ ìjọ Kátólíìkì ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ọdún 1845. Ó kúrò ní Oxford lọ́dún 1846, ọdún 1878 ló tó tún fẹsẹ̀ kàn án. Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dá gbọ́nmisi-omi-ò-to sílẹ̀ láàárín òun àti àwọn àbúrò rẹ̀. Lọ́dún 2019, Póòpù Francis kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́. Ọlọ́mọge kan wà ṣáájú rẹ̀, Susanna Annesley, ọmọ gbajúmọ̀ àlùfáà kan tó ti kọ̀yìn sí ìjọ ìjọba England. Kò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó fi pinnu láti padà sínú ìjọ tí bàbá rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀. Ìdí tí mo fi mẹ́nu kàn án ni pé òun ló wá bí John Wesley. Inú ìjọ tó yàn fúnra rẹ̀ ló ti tọ́ ọmọ náà, ọmọ náà sì ni orísun ìjọ tí ìyá tèmi ń pè ní ìjọ àwọn baba wa.

Ìgbéyàwó, àti ìwé

Bí Kátólíìkì bá fẹ́ fẹ́ Kristẹni tí kì í ṣe Kátólíìkì, ó gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù nípasẹ̀ àlùfáà rẹ̀. Ó máa ṣèlérí pé òun á ṣe gbogbo ohun tí agbára òun ká láti rì àwọn ọmọ bọmi kí òun sì tọ́ wọn ní Kátólíìkì. Ẹnì kejì kò ní ṣèlérí kankan. Wọ́n kàn gbọ́dọ̀ jẹ́ kó mọ̀ ni. Òfin náà sọ pé agbára *òun*; kò ní kó fi tú ilé ká. Bí wọ́n bá fẹ́ kí pásítọ̀ ìjọ kejì so wọ́n pọ̀, wọ́n lè bẹ bíṣọ́ọ̀bù fún àyè. Ohun tí kò gbà ni pé kí wọ́n so wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan ní ìjọ ọkọ, lẹ́ẹ̀kan ní ìjọ ìyàwó. Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì á ní inú ìjọ àwọn ni kó ti wáyé, kí ẹnì kejì sì ti gba ìrìbọmi Mẹ́talọ́kan. Àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì rọjú jù bẹ́ẹ̀. Èyí tó wù kó jẹ́, ọ̀rọ̀ ibi tí ọmọ máa lọ lọ́jọ́ ìsinmi, kí oyún tó dé ni kí tọkọtaya ti sọ ọ́.

Kí ẹ tó kúrò ní ìjọ yín, ẹ lọ rí olórí ìjọ náà lójúkojú. Ọ̀pọ̀ kì í ṣe é. Wọ́n á kàn pòórá, orúkọ wọn á wà nínú ìwé fún ọdún mẹ́wàá, àwọn alàgbà á máa béèrè wọn lọ́wọ́ ìyá wọn. Láàárín ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì, ẹ lè gba lẹ́tà tí ìjọ kan ń kọ sí èkejì pé ọmọ wa ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Kátólíìkì kò béèrè lẹ́tà yẹn, ìwé ìrìbọmi ni wọ́n ń wá. Bí tiyín bá ti sọnù, ìjọ tí wọ́n ti rì yín bọmi sábà máa ń ní ìwé ńlá tí wọ́n kọ orúkọ sí, wọ́n lè ṣe ẹ̀dà fún yín. Bí kò bá sí, ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà lè jẹ́rìí.

Ẹ má ju ìwé ti àtijọ́ nù nítorí ẹ ti gba tuntun. Ẹ kò mọ ìjọ tí ọmọ yín máa fẹ́yàwó sí, tàbí èyí tí ẹ̀yin fúnra yín lè tún bá ara yín nínú rẹ̀. Tèmi, ọwọ́ ìyá mi ló wà. Lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ mí bọmi, wọ́n wá, wọ́n jókòó sí àga iwájú pẹ̀lú aṣọ ìnura mi lórí itan wọn. Nígbà tí akọ̀wé ìjọ pe orúkọ mi láti wá gba ìwé, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ dìde. Inú àpòòwé kan náà ni wọ́n kó méjèèjì sí.